Ajá Tí Mo Lọ Tọrọ ní Owena

Aládé, Ìdànrè.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà.

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ẹsẹ̀ òkè níbi tí wọ́n ti bí ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú Èkó tí ènìyàn ń jí níbẹ̀ kí àkùkọ tó jí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ yóò máa fi ojú rere wò ọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní yọ̀ bí tèmi ti yọ̀. Àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà. Ọrùn ẹsẹ̀ mi tó wú ti fà, mo ti ń fi í tẹlẹ̀ dáadáa, àyàfi bí òjò bá ṣú ni ó máa ń rán mi létí pé òun kò tíì gbàgbé.

Wàá béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí o rà fún mi wà lápò mi. Ọmọ mi, fóònù dára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ènìyàn dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, wàá ti máa pariwo pé Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, wàá pa á, wàá tún pè, ọ̀rọ̀ náà á sì ti sá. Ìwé kì í kánjú. Mo lè gbé bírò sílẹ̀ kí n lọ yí kòkó tí mo sá sórí àpáta, kí n padà wá bá ọ níbi tí mo fi ọ́ sí. Tíṣà Adérìnsọ́lá tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́la ni yóò bá mi mú un wá.

Ọ̀rọ̀ ajá tí o ní kí n wá ni mo fẹ́ sọ. Mi ò gbàgbé bí o ti là á kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, tí mo wà ní ìdùbúlẹ̀ láàárín kòkó bí ẹni tí wọ́n sá sóòrùn pẹ̀lú rẹ̀, títí àbúrò mi Olútìmẹ́hìn fi wá yá àdá tó bá mi níbẹ̀, ni o ti ní kò yẹ kí n máa dá gbé ilé yìí mọ́. O ní nínú ohun méjì kí n mú ọ̀kan, kí n wá ajá gidi tí yóò máa gbó bí nǹkan bá ṣe mí, tàbí kí n palẹ̀ mọ́ kí o wá kó mi lọ sí Èkó nígbà Kérésìmesì. Mo gbọ́. Ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fún ní ìdánwò ni mo ṣe ń rìn láti ọjọ́ náà, torí mi ò sin ajá rí láyé mi. Ní ilé bàbá tèmi, ajá tó bá wọlé kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń bi ara wọn léèrè ẹni tó ni orí. Ìyá rẹ náà kò fẹ́ ajá, ó ní ẹ̀dá tó bá ń wo ẹnu ènìyàn nígbà tó ń jẹun, kì í jẹ́ kí oúnjẹ náà dùn.

Nígbà tí o fi àwòrán àwọn ajá òyìnbó ránṣẹ́ sórí fóònù, mo jókòó, mo fi dígí sójú, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí Jámánì tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo rí dúdú kan tí orí rẹ̀ tó ti ọmọ màlúù. Mo rí kékeré onírun gígùn kan tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ lórí, orí àga tìmùtìmù ló jókòó sí, àga náà sì dára ju èyí tó wà ní pálọ̀ Fadá lọ. Mi ò bínú sí i. Lẹ́yìn wọn ni ìbéèrè wá. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni mí, wọ́n ní báwo ni àgbàlá mi ti tó, ṣé mo mọ ọgbà yí i ká, ṣé mo máa ń rìn dáadáa lójúmọ́, ṣé ilé máa ń ṣófo. Wọ́n ní ṣé mo ti tọ́jú ajá rí, ṣé mo ní sùúrù.

Kẹ́mi, ìbéèrè wọn wú mi lórí. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, báyìí gan-an ni àwọn ará ilé wọn ṣe wádìí mi. Wọ́n béèrè irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, ṣé a máa ń jà nílé wa, ṣé wèrè wà nínú ìran wa rí. Mo ní ha, àwọn òyìnbó yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn kì í fa ajá wọn lé ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ́wọ́. Mo bá dáhùn láìpurọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé àwa mélòó la wà nínú ilé, mo kọ méjì. Mo wá rántí, mo pa á rẹ́, mo kọ ọ̀kan. Ìyẹn pẹ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀.

Nígbà tí mo tẹ èyí tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ jáde pé àwọn yóò kàn sí mi láìpẹ́. Mo mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo gbá àgbàlá, mo ro ẹ̀yìn ilé, mo ra mọ́ọ̀tì àti bísíkíìtì, mo wọ bùbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o gboyè. Mo ní kí Olútìmẹ́hìn wá jókòó tì mí, torí ẹnìkan kì í dá gba àna. A jókòó láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè, Olútìmẹ́hìn ní ẹ̀gbọ́n, àwọn ará ilé ajá yìí mà pẹ́ o, àbí wọ́n ti gbọ́ nǹkan nípa ìdílé wa ni? Mo ní kó panu mọ́. Ó ní òun á panu mọ́, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì ń gbóná. A mu ún. Àṣé fóònù náà ni àlejò, kò sí ènìyàn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn dún ni, ó ní ajá tó bá mi mu ni èyí tí irun rẹ̀ nípọn, tó ti ìlú oníyìnyín wá, tó fẹ́ràn láti máa sáré lórí òkè. Òkè tí mo mẹ́nu bà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Wọn ò mọ̀ pé òkè tiwa, bí oòrùn ọ̀sán bá pa á, ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jiná lórí rẹ̀. Ajá onírun bẹ́ẹ̀ á kú sí mi lọ́wọ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí.

Nítorí pé Jámánì ló wu ìwọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tà wọ́n. Ọmọlúàbí ni, ó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Ajá náà dìde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé mi léjìká, ojú wa wá ṣe déédéé, a jọ ń wo ara wa bí ẹni tó pàdé ní kóòtù. Ọkùnrin náà ní ajá ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sáré láràárọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ ẹran, ó sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí bí kò bá ní iṣẹ́, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó lè kọ́ bí a ti ń ṣọ́ kòkó kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe. Ó wá ní Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ ti sin ajá rí? Mo ní rárá. Ó ní èyí kì í ṣe ajá tí ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́. Mo wo àyà ajá náà, mo wo ọrùn ẹsẹ̀ tèmi. Bí a bá so wá pọ̀ mọ́ okùn kan ṣoṣo, ta ni yóò máa mú ta ni rìn?

Mi ò tíì bọ́ aṣọ tí mo fi re Àkúrẹ́ tí Ọlọ́runṣọlá tó ń jó irin ní òdìkejì títì fi wọlé wá kí mi kú ìnáwó. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń ṣe ọdún Ògún tí òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ń dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti sọ fún un pé mo lọ ná ajá. Ó ní ata tòun ni, epo náà tòun ni, kí n ṣáà sọ ọjọ́. Mo ní sísìn ni mo fẹ́ sìn ín. Ó ní títí di ìgbà wo? Mo ní títí yóò fi kú. Ó ní Bàbá Kẹ́mi, gbogbo wa náà la ń sìn ín títí yóò fi kú, ìgbà tí yóò kú gan-an la ń béèrè. Nígbà tí mo wá sọ bí Jámánì náà ti tóbi tó, ó pòyì lórí ìjókòó, ó ní ẹ̀gbọ́n, ìyẹn á ká àdúgbò. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹ̀yin tó ya àwòrán ajá sórí fóònù, ẹ kò bi èèyàn pé ta ni aládùúgbò rẹ. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn ní Ìdànrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tín-ín-rín ni ajá mi gbọ́dọ̀ jẹ́, ajá tí ẹni tó bá wò ó kò ní rántí ìkòkò.

Ní ọ̀nà Owena, nínú oko tí Olútìmẹ́hìn gbé fún ará Ṣakí kan pé kó máa bá òun tọ́jú, kí wọ́n jọ máa pín ohun tó bá so, abo ajá kan wà níbẹ̀ tó bímọ. Mùjídàt ni ìyàwó ará Ṣakí náà ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ajá, torí ìrun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ ọ, torí ajá náà ló ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò nídìí kòkó. Mo dé ibẹ̀ nígbà tó ń kírun. Ajá náà jókòó lókèèrè, kò wá síbi ẹní, kò wá síbi kẹ́tùlù omi, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní ajá tó mọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé nìyí. Inú mi dùn sí i ju Jámánì tó ń fọwọ́ kọ́ ènìyàn lọ́rùn lọ.

Mo padà lọ lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú Olútìmẹ́hìn, a gbé iṣu àti epo dání, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi tó dára, mo ní òdòdó kan ni a rí nínú ọgbà wọn tí a fẹ́ já. Mùjídàt rẹ́rìn-ín tó fi di igi kòkó mú. Ó ní Bàbá, ajá mà ni, ẹ kàn gbé ọmọ rẹ̀ kan lọ ni, ta ló ń san owó orí lórí ajá ekuké? Ọkọ rẹ̀ ní kó má bá wọn dá iṣu padà o. Mo ní mi ò tíì fẹ́ gbé e, ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀.

Kẹ́mi, ìyá rẹ ló kọ́ mi ní èyí. O ṣì kéré nígbà tí a gbin oko ọ̀nà Owena yẹn, o lè má rántí. Àwọn mìíràn tó bá fẹ́ gbin kòkó, èso tó tóbi jù lójú wọn ni wọ́n ń já. Olúyẹ́misí ní òun kì í wo èso, igi ni òun ń wò. Á lọ dúró sábẹ́ igi náà nígbà òjò, á tún lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, á wò ó bóyá àrùn èso dúdú máa ń mú un, bóyá ó máa ń gbọn ewé rẹ̀ dànù bí ìyà bá jẹ ẹ́. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tó já èso, èyí tó so mọ́ ara igi gan-an, kì í ṣe èyí tó ń ṣe fújà lórí ẹ̀ka. Apá kan oko náà ni a tà tí a fi rán ọ lọ sí yunifásítì, apá kejì ló wà lọ́wọ́ Olútìmẹ́hìn. Ó ṣì ń so. Nítorí náà mo ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Mo lọ wo ìyá ajá náà nígbà tí òjò ń rọ̀, mo lọ wò ó nígbà tí ebi ń pa á, mo lọ wò ó nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń fa ìrù rẹ̀. Kò yẹra, kò sì gé e jẹ.

Ó wá ku kí n mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. Akọ kan sáré wá, ó so eyín mọ́ bàtà rọ́bà mi, Olútìmẹ́hìn ní òun rèé, akíkanjú ni, ẹ gbé e ká máa lọ. Òmíràn sápamọ́ sábẹ́ ìyá rẹ̀. Mo jẹ́ kí àdá bọ́ lọ́wọ́ mi sórí òkúta. Gbogbo wọn ló sá, akíkanjú Olútìmẹ́hìn ló sá jìnnà jù, títí dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró lágbede méjì, ó yíjú, ó rọra padà wá, ó gbóòórùn àdá náà, ó jókòó, ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Abo ni, àwọ̀ ilẹ̀ pupa, etí kan funfun. Olútìmẹ́hìn ní abo kẹ̀, gbogbo akọ ajá Aládé ni yóò máa wá sùn sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo ní kí wọ́n wá. Ilé náà ti dákẹ́ jù.

Mo ronú lórí rẹ̀ títí a fi délé. Olè wo ló fẹ́ wá jà mí? Kí ló kù tí yóò kó? Kì í ṣe ajá tí yóò bá ènìyàn jà ni mo nílò. Ẹni tí yóò gbọ́ ariwo, tí ẹ̀rù yóò bà, tí yóò sá, tí yóò sì padà wá wò mí ni mo nílò. Gbogbo wa la sá nígbà tí ìyá rẹ lọ. Èmi sá wọ oko, ìwọ sá wọ inú iṣẹ́. Mi ò bá ọ wí. Ẹni tí ohun tó ń ró gbì bá jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sá. Pípadà ni iṣẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé irú ajá wo ni. Mo ní irú ti Owena. Ó ní Bàbá, kò sí nínú èyí tí àwọn ń kọ. Mo ní kó kọ ọ́, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Wọ́n fún un ní káàdì lójú ẹsẹ̀. Èmi tí wọ́n ya fọ́tò mi ní ọdún tó kọjá fún káàdì ìdánimọ̀ tèmi, mo ṣì ń retí. Mo tọ́jú tirẹ̀ sínú Bíbélì, bóyá wọn yóò béèrè fún un ní báńkì.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ mú un. Èmi náà fẹ́ mọ̀, ni mo bá dán an wò. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú mo lọ dùbúlẹ̀ sáàárín kòkó níbi tí mo ti ṣubú lọ́jọ́sí, mo di ojú. Ó wá, ó gbóòórùn etí mi, ó dùbúlẹ̀ tì mí, ó sùn. Mi ò purọ́ fún ọ, kò gbó rárá. Àpáta náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Nígbà tó yá mo rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Àfi bí mo ti gbọ́ tí Ọlọ́runṣọlá ń ṣépè bọ̀ láti ojú títì, ajá ń sáré bọ̀ níwájú, sílípáàsì Ọlọ́runṣọlá wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti rí mi nílẹ̀, ó figbe ta pé Bàbá Kẹ́mi o, ó ju dígí tó fi ń jó irin nù, ó da omi mímu inú garawa mi sí mi lórí tán pátápátá. Mo ní mo ń dán ajá wò ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bóyá ènìyàn ni ajá náà lọ pè, bóyá bàtà ló wù ú, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì padà wá, kò sì dá nìkan padà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà Ọlọ́runṣọlá gbé eegun ẹran wá fún un nínú ewé. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun gbé oúnjẹ fún ajá láìní nǹkan kan lọ́kàn.

Ó wá ku orúkọ. O mọ̀ pé níbí, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ sójú ènìyàn, ajá rẹ̀ ló ń fi sọ. Á sọ ajá ní ọ̀rọ̀ náà, á máa pè é láàárọ̀, ẹni tó kàn á sì gbọ́. Mo sọ tiwa ní Jẹ́ńdúrótìí. Ọlọ́runṣọlá fi ìbínú béèrè pé ta ni mò ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹni náà kò gbé àdúgbò yìí.

Kẹ́misọ́lá, ìwọ ni. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni a tẹ́ ìyá rẹ sí, o wà níbẹ̀. Bí mo bá ń yí kòkó láàárọ̀, mo máa ń sọ ìròyìn fún un, mo sọ ti mọ́ọ̀tì tí a mu, mo sì mọ ibi tí ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ní Èkó, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mi ò lè sọ èyí lórí fóònù, ohùn mi á gbọ̀n, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nítorí náà, bí o bá pè mí láàárọ̀ tí o gbọ́ tí mò ń pe ajá, fetí sí orúkọ náà dáadáa kó tó sáré dé.

Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún abẹ́rẹ́ rẹ̀ kejì àti garawa tuntun, torí Ọlọ́runṣọlá ju tèmi mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fọ́. Owó mọ́tò tí o ti yà sọ́tọ̀ láti wá kó mi nígbà Kérésìmesì, má ṣe ná an sí nǹkan mìíràn. Fi í wá kí wa. Má mú ẹ̀wọ̀n wá fún ajá, kì í lọ ibi tó jìnnà.

Ọlọ́run tó mú ọ jáde láti ẹsẹ̀ òkè yìí yóò máa mú ọ padà síbẹ̀ ní ayọ̀. O kò ní pe ènìyàn kí ó má dáhùn. Bí ariwo ayé bá lé ọ sá, ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ kí ọ. Jẹ́ńdúrótìí kí ọ, ó ti jẹ etí ìwé yìí díẹ̀, má bínú sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dominic Akínlẹ́yẹ.